Orúnkún Ẹkùn: ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá pẹ̀lú ológbò tí iṣan orúnkún rẹ̀ já

Igbe ló jí mi, ilẹ̀ kò tíì mọ́. Kì í ṣe igbe ológbò tó ń wá akọ, kì í sì í ṣe igbe ebi. Ó gùn, ó ki, inú ikùn ló ti ń jáde. Ìgbà tí mo tan iná, Ẹkùn ni mo rí lójú fèrèsé, ó dorí kodò. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ti òsì há sáàárín ọ̀pá irin méjì, gbogbo ìyókù ara rẹ̀ sì ń fì. Bó ṣe ń jà láti gba ara rẹ̀ sílẹ̀ ló ń yí, bó sì ṣe ń yí ni orúnkún yẹn ń lọ́ bí aṣọ tí wọ́n ń fún omi ara rẹ̀.

Àbúrò mi ló sọ ọ́ ní Ẹkùn. Nígbà yẹn kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, òjìji ara rẹ̀ ló ń halẹ̀ mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí èyí ṣẹlẹ̀, ó wọn kílò 5.6. Ó sanra ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀bi tèmi sì ni.

Ohun kan tí mo ṣe dáadáa lọ́jọ́ náà ni pé mi ò fa ẹsẹ̀ yẹn. Mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ àyà àti ìdí rẹ̀, mo gbé e sókè kí ìwọ̀n ara rẹ̀ lè kúrò lórí ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà ni àbúrò mi wá rọra yọ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò láàárín irin. Ó gé mi jẹ lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò bínú sí i, àmọ́ mo fi ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀ mo sì lọ rí dókítà tèmi náà kílẹ̀ tó ṣú, torí eyín ológbò tín-ín-rín, ó máa ń wọlé jìnnà, kòkòrò àrùn tó bá bá a wọlé kì í sì í tètè jáde.

A tẹ́ ẹ sínú páálí. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ojú rẹ̀ ràn kankan. Àbúrò mi ti gbé oògùn dé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká dá parasítámọ́ọ̀lù sí méjì, ká fún un ní ìdajì." Ó ti ń wá ṣíbí. Mo ti gbọ́ ọ rí níbì kan pé kò dáa fún ológbò, ni mo bá ní kó dúró. Ẹ̀yìn náà ni mo tó mọ bó ti burú tó. Ẹ̀dọ̀ èèyàn ní ohun tó fi ń sọ oògùn yìí di ohun tó lè bá ìtọ̀ jáde. Díẹ̀ bíńtín ni ti ológbò ní. Oògùn náà á wá di májèlé sí i lára, á ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ débi pé kò ní lè gbé afẹ́fẹ́ kiri ara mọ́. Èrìgì rẹ̀ á kúrò ní pupa, á di àwọ̀ ilẹ̀, ojú rẹ̀ á wú. Horo kan péré tí àgbàlagbà ń lò lè pa á. Ibuprofen àti aspirin náà ò sí lára ohun téèyàn ń dédé fún un nílé.

Ibi tá a kọ́kọ́ gbé e lọ, ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò kò lò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹkùn ti le gbagidi bí igi, gbogbo irun ẹ̀yìn rẹ̀ dúró. Ẹni náà na ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ká a lẹ́ẹ̀kan, ó ní: "Ó kàn rọ́ ni. Ẹ jẹ́ kó sinmi." A gbé e padà sílé, inú wa dùn.

Lọ́jọ́ kẹta ó ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ náà kan ilẹ̀, àbúrò mi pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní yíyọ́ ẹkùn, tojo kọ́, ohun tó máa jẹ ló ń wá. Ẹkùn tiwa náà ń yọ́ rìn káàkiri ilé, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó fẹ́ pa jẹ. Ìrora ló ń yọ́ fún. Tó bá jókòó, ẹsẹ̀ òsì á nà gbọọrọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi ti ẹlòmíì. Kò fo orí àga mọ́. Ẹ̀gbẹ́ àwo ìgbẹ́ rẹ̀ ló ń tọ̀ sí, torí àtigbé ẹsẹ̀ kọjá etí àwo náà di iṣẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo orúnkún rẹ̀ bó ṣe ń rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ohun kan sì ń ta kọ̀, kọ̀, lábẹ́ ọwọ́ mi, ní gbogbo ìgbà tó bá gbé ẹsẹ̀. Ohun tó kàn rọ́ kì í dún bẹ́ẹ̀.

Dókítà ẹranko kejì tá a gbé e lọ bá kò fọwọ́ kan orúnkún náà rárá fún bí ìdá mẹ́ta wákàtí. Mo rò pé ó gbàgbé ohun tá a bá wá ni. Ó ka èémí rẹ̀, ó gbọ́ àyà rẹ̀, ó tẹ ikùn rẹ̀ láti mọ̀ bóyá àpò ìtọ̀ ṣì wà ní odindi, ó wo èrìgì rẹ̀, ó sì fún ọmọ ìka ẹsẹ̀ tó ń dùn ún náà pọ̀, ó ń wò ó bóyá yóò yíjú pa dà. "Ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ kì í sáré pa ológbò," ló wí. "Àyà tó fọ́ àti àpò ìtọ̀ tó bẹ́, àwọn ló ń pa á." Ó tún la ẹnu rẹ̀, ó ń ka eyín. Mo bi í kí ni eyín ní í ṣe pẹ̀lú orúnkún. Ó ní àwọn ológbò kan wà tí egungun kékeré tó bo orúnkún lójú máa ń là sí méjì láìjábọ́ láti ibì kankan, àwọn ọ̀dọ́ sì ni púpọ̀ nínú wọn, eyín ìkókó wọn kì í sì í yọ kúrò tán. Tó bá jẹ́ irú èyí ni, ọ̀nà tí wọ́n máa gbà tọ́jú rẹ̀ yàtọ̀, torí irin àti wáyà kì í sábà dúró nínú egungun bẹ́ẹ̀. Eyín Ẹkùn pé, ó sì jẹ́ ti àgbà.

Ìgbà tí gbogbo èyí parí ló tó fún un lábẹ́rẹ́ tó mú un sùn. Ibí yìí gan-an ni iyàtọ̀ wà láàárín òun àti ẹni àkọ́kọ́. Ológbò tó lajú sílẹ̀ tí ẹ̀rù sì ń bà á á fi ẹran itan rẹ̀ di orúnkún mú pinpin, àléébù inú rẹ̀ kò ní hàn. Nígbà tí Ẹkùn ti rọ̀ bí aṣọ, dókítà fi ọwọ́ kan mú itan, ó fi ìkejì mú ojúgun, ó sì ti ojúgun síwájú. Ó yọ́ jáde bí ìgbà téèyàn fa dúrọ́ọ̀ tábìlì. Ó tì í pa dà, ó wọlé. Ó ní kí n wo ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ìyẹn kò mì. Lẹ́yìn náà ó ti ojúgun òsì sí ẹ̀gbẹ́, orúnkún náà sì ṣí ní inú bí ìwé tí wọ́n ṣí. Mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Inú orúnkún, iṣan méjì ló kọjá lára wọn bí àgbélébùú. Ti iwájú ni kì í jẹ́ kí ojúgun yọ́ síwájú. Ní ẹ̀gbẹ́ òsì àti ọ̀tún, iṣan kọ̀ọ̀kan wà tí kì í jẹ́ kí orúnkún yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tìmùtìmù kékeré méjì tún wà láàárín egungun méjèèjì. Lára Ẹkùn, iṣan iwájú já, iṣan ẹ̀gbẹ́ inú já. Àwòrán ẹ́síréè kò fi iṣan hàn, torí iṣan kì í hàn nínú rẹ̀, àmọ́ ó fi hàn pé egungun kankan kò ṣẹ́, pé orúnkún kún fún omi, àti pé ojúgun ti sún síwájú ju ibi tó yẹ kó wà.

Mo ti kà pé ológbò tí iṣan iwájú rẹ̀ já lè gbádùn láìsí iṣẹ́ abẹ, mo sì sọ ọ́, pẹ̀lú ìrètí. Dókítà kò jiyàn. "Tó bá jẹ́ ìyẹn nìkan ni, màá ní kẹ́ ẹ tì í mọ́ àgò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kẹ́ ẹ dín ọ̀rá rẹ̀ kù, púpọ̀ nínú wọn ló ń rìn dáadáa. Ṣùgbọ́n orúnkún tó ń ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ báyìí, kí ló máa dì í mú títí àpá á fi jinná?" Mi ò rí èsì fún un. Iṣẹ́ abẹ wáyé lọ́jọ́ kejì rẹ̀, ó gba wákàtí méjì àti ààbọ̀.

Ó la orúnkún náà, ó bá tìmùtìmù inú tó ti ya, ó gé èyí tó ya kúrò. Ní ẹ̀gbẹ́ inú, ó de síkúrù kékeré kan mọ́ egungun itan, òmíràn mọ́ ojúgun, ó sì fi okùn lile lọ́ wọn pọ̀ bíi nọ́ńbà 8. Ní ẹ̀gbẹ́ ìta, ó fi okùn ọ̀rá tó nípọn gba ẹ̀yìn egungun itan, ó fà á gba ihò tó lu sójú ojúgun, ó so ó. Lẹ́yìn èyí ó fi ọ̀pá irin tín-ín-rín gún itan àti ojúgun láti ìta, ó sì so wọn pọ̀ mọ́ ara wọn kọjá orúnkún, kí orúnkún má baà ká rárá.

Mo rò pé okùn wọ̀nyẹn ni iṣan tuntun. Ó mi orí. Ó ní okùn máa ń ṣá, ó lè já lẹ́yìn oṣù mélòó kan, kò sì ní ṣe nǹkan kan. Àpá tí ara fúnra rẹ̀ máa hun yí orúnkún ká ló máa gbé e títí ayé. Okùn kàn ń ṣọ́nà dè é ni. "Ẹ ṣáà rántí," ló wí, "ìrora máa lọ kí àpá tó le. Ibẹ̀ ni wàhálà yín máa wà." Mo kọ ọ́ sínú ìwé kékeré tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ nǹkan sí, mi ò sì ka ọ̀rọ̀ náà sí.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ nílé, ohun tó gbà mí lọ́kàn ni bí mo ṣe máa mọ̀ pé ó ń dùn ún. Ológbò kì í sunkún ìrora. Á kàn dákẹ́, á kọjú sógiri. Dókítà kọ́ wa ní ọ̀nà kan tí àwọn olùwádìí ní yunifásítì Montréal, ní Kánádà, gbé jáde lọ́dún 2019. Ojú ológbò nìkan lèèyàn ń wò: etí, bí ojú ṣe dijú tó, bí imú àti ẹnu ṣe le, irun imú, àti ibi tí orí wà sí èjìká. Èèyàn á fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 0, 1 tàbí 2. Tó bá pé 4 nínú 10, oògùn ìrora ló kàn. Lálẹ́ àkọ́kọ́, etí Ẹkùn yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú rẹ̀ dì tó ìdajì, orí rẹ̀ rẹlẹ̀ ju èjìká lọ: 6. Mo fún un ní buprenorphine tí wọ́n ti wọ̀n fún wa. A kì í jẹ́ kó gbé e mì; inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ la ń kán an sí, awọ ẹnu ló sì ń gbà á wọ ẹ̀jẹ̀. Nígbà tó di wákàtí kan, etí ti dìde: 2. Láti ọjọ́ yẹn mi ò méfò mọ́.

Wọ́n tún fún wa ní meloxicam, oògùn ìrora mìíràn tó jẹ́ olómi tí a ń pò mọ́ oúnjẹ, pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé tí kò bá jẹun tàbí tó ń bì, ká dá a dúró ká pè, torí ó lè ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Jíjẹun yìí gan-an bà mí lẹ́rù. Kò jẹun lọ́jọ́ kìíní, kò jẹun ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ológbò tó sanra tó wá pa oúnjẹ tì, ọ̀rá ara rẹ̀ á ya wọ inú ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á sì dáṣẹ́ sílẹ̀. Mo ti lérò pé sísanra rẹ̀ á fún un ní àyè láti gbààwẹ̀, òdìkejì rẹ̀ gan-an ni. Ohun tó ṣí i lójú oúnjẹ ni pé a mú un gbóná díẹ̀ kó lè ta sánsán, a sì yọ ike rìbìtì ọrùn rẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ jẹun, àbúrò mi jókòó tì í kó má lá ojú ọgbẹ́. Ṣíbí mẹ́ta ló jẹ. Àbúrò mi pè mí níbi iṣẹ́ láti sọ fún mi.

Àgò rẹ̀ ga tó kó lè dúró, ó fẹ̀ tó kó lè nà, kò sì ga tó kó lè fò. Àwo ìgbẹ́ tuntun tí etí rẹ̀ kò ju ìka méjì lọ. Lójoojúmọ́ mo ń fi omi iyọ̀ tí dókítà fún wa nu ìdí irin kọ̀ọ̀kan, mo ń wò ó bóyá ó pọ́n, bóyá ó ń ṣomi. Wọ́n yọ okùn tí wọ́n fi rán awọ rẹ̀ ní ọjọ́ 12. Mi ò ní ohun púpọ̀ láti sọ nípa ọ̀sẹ̀ méjì yẹn.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni gbogbo rẹ̀ fẹ́ dàrú. Òun ni ọ̀rọ̀ dókítà yẹn ṣẹ sí. Ẹkùn ti yó, ara rẹ̀ ti yá, ó ń fi èékánná ya ilẹ̀kùn àgò lóru, ó ń bẹ̀bẹ̀ pẹ̀lú ohùn tó lè mú òkúta yọ́. Ojú rẹ̀ ń gba 0 lójoojúmọ́. Ẹni tó bá rí i á ní ìkà la jẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé kan àbúrò mi ń pàrọ̀ àwo ìgbẹ́, fóònù rẹ̀ dún, ó yíjú. Gbàù! Irin kan igi. Ẹkùn ti wà lórí tábìlì, pẹ̀lú irin lẹ́sẹ̀, ó sì ń wò wá bí ẹni tó ṣẹ́gun. Kò tíì sí ẹni tó súnmọ́ ọn tó tún fò sílẹ̀.

Kò yarọ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyẹn ló tàn wá jẹ. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, omi bíi ti ọyún ń jáde ní ìdí irin tó wà lókè pátápátá, ojú rẹ̀ sì gba 5. Ẹ́síréè fi hàn pé irin yẹn ti tú nínú egungun itan. Àwọn yòókù àti síkúrù méjèèjì dúró gbọn-in. Dókítà yọ irin tó tú, ó mú omi ibẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò kó tó yan oògùn apakòkòrò, ó sì ní irin ìta tí òun fẹ́ yọ ní ọ̀sẹ̀ kẹrin máa di ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Kò bá wa wí. Àbúrò mi kò jẹun alẹ́ lọ́jọ́ náà. Èmi ra ìkọ́ kejì sílẹ̀kùn àgò.

Nígbà tí irin kúrò, mo retí ológbò tó máa rìn. Igi ni mo rí. Orúnkún tí wọ́n dè fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún ti gan. Orúnkún ológbò tó dá ṣáṣá máa ń ká dé nǹkan bíi dígírì 24, á sì nà dé nǹkan bíi 164. Ti Ẹkùn ká dé 75, ó nà dé 125, ó dúró síbẹ̀. Mo fi tépù wọn itan rẹ̀: ti ọ̀tún sẹ̀ǹtímítà 19, ti òsì 15. Mo ń fọwọ́ kan egungun níbi tí ẹran wà tẹ́lẹ̀.

Ẹni tó bá ti tọ́jú ajá rí á mọ̀ pé ajá á bá èèyàn ṣe eré ìdárayá nítorí ìyìn. Ológbò kò mọ ìyìn. Ohun tí mo wá ń ṣe ni pé màá dúró dìgbà tí oorun bá ń kùn ún, màá fi aṣọ lílọ́ wọ́ọ́rọ́ bo orúnkún náà fún ìṣẹ́jú márùn-ún, màá wá máa ká a, máa nà á, díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹwàá, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Tí ìrù rẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí nà ilẹ̀ pẹ́pẹ́, mo ti kọjá ààlà, mo dáwọ́ dúró. Ní ọ̀sẹ̀ keje, a tẹ́ ọ̀pá ìgbálẹ̀ mẹ́rin sílẹ̀ ní ọ̀nà tó ń gbà lọ sídìí oúnjẹ, kó lè máa gbé ẹsẹ̀ kọjá wọn. Lọ́jọ́ kìíní ó jókòó ó wò wọ́n. Lọ́jọ́ kejì ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kọjá. Àbúrò mi ló ronú fi àga dí ẹ̀gbẹ́ ògiri.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá ni mo kọ́kọ́ rí i tó fi ẹsẹ̀ òsì họ etí rẹ̀, mo sì jókòó sílẹ̀ níbi tí mo wà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá, orúnkún ń ká dé 42, ó ń nà dé 150. Itan òsì ti di sẹ̀ǹtímítà 17.5. Ó wọn kílò 4.9, torí díẹ̀díẹ̀ la dín oúnjẹ rẹ̀ kù, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ yẹn. Ojúgun rẹ̀ kò yọ́ jáde bíi dúrọ́ọ̀ mọ́. Ẹ́síréè fi egungun kéékèèké hàn tó ti ń hù létí orúnkún, làkúrègbé tó ń bọ̀ lọ́nà. Dókítà ní tó bá di pé ó ń yọ ọ́ lẹ́nu lọ́jọ́ iwájú, abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń gún lẹ́ẹ̀kan lóṣù, frunevetmab, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún ológbò lóṣù kìíní ọdún 2022. A ò tíì débẹ̀.

Ó ṣì ń na ẹsẹ̀ òsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ tó bá jókòó. A fi àwọ̀n bo gbogbo irin ojú fèrèsé, a sì gbé àpótí kan sábẹ́ rẹ̀ kó lè máa fi ṣe àtẹ̀gùn. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ kẹ́yìn sínú ìwé kékeré náà ni: "Ó gun ojú fèrèsé. Kò lo àpótí."